Pupuru Ìkọ̀yà àti Búrẹ́dì inú Àpò

Nígbà tí àwa àti àwọn ọ̀rẹ́ wa dé Ìkọ̀yà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ìyá tí ó gbà wá lálejò gbé pupuru àti ọbẹ̀ ẹja síwájú wa. Ọ̀kan nínú wa sì yọ búrẹ́dì láti inú àpò rẹ̀! Ojú tì wá gidigidi, nítorí olùkọ́ ni ẹni náà, ìfẹ́ ilẹ̀ Yorùbá ni ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Ǹjẹ́ ó mọ iṣẹ́ tí ń bẹ nídìí oúnjẹ náà bí? A ó rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́rin, a ó fún un, a ó mọ ọ́n ribiti, a ó tò ó sókè iná kí èéfín gbẹ ẹ́ títí ara rẹ̀ yóò fi dúdú. Lẹ́yìn náà ni a ó ha dúdú náà kúrò, tí a ó gún un, tí a ó sì kù ú, kí a tó ro ó nínú omi gbígbóná. Ẹnikẹ́ni tí yóò bá tún bá wa rìn, kí ó fi búrẹ́dì sílẹ̀ nílé.