Irọ́ Ni Pé Èso Igi Kì í Pani Lára

Ẹ wọ danfó láti Ìyánà-Ìbà lọ sí Òkòkòmaikò, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń polówó oògùn: "Kò sí kẹ́míkà nínú rẹ̀ o, èso àti ewé lásán ni, kò lè ṣe yín ní nǹkan kan." Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ àwa ará Ọ̀jọ́ lára débi pé ẹni tó bá ta kò ó, wọ́n á ní ìwé ti dà á lórí rú. Èmi ta kò ó. Irọ́ tó ń gbẹ̀mí ni.

Ẹ wo iṣin, tiwa-n-tiwa. Tó bá gbó, èèpo rẹ̀ á pọ́n, á là fúnra rẹ̀ lórí igi. Ẹ ó rí kóró dúdú tó ń dán, àti ẹran funfun tó lẹ̀ mọ́ ìdí wọn. Ẹran yẹn là ń jẹ, lẹ́yìn tí a bá ti yọ awọ pupa inú rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá fòkò já a láìtíì là, tó fipá ya á, tó jẹ ẹ́ sínú ebi, májèlé tó ń jẹ́ hypoglycin ló gbé mì. Èròjà yìí kì í jẹ́ kí ara lè fi ọ̀rá ṣe agbára mọ́. Ṣúgà tó wà nípamọ́ nínú ẹ̀dọ̀ á tán, ti inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀. Ọmọ á máa bì, gìrì á gbé e, á dákú. Ní Burkina Faso, láàárín oṣù January sí May 1998, àwọn olùwádìí ka ọmọ 29 tó kú báyìí, kò sì sí èyí tó lò ju ọjọ́ méjì lọ lẹ́yìn tí èébì bẹ̀rẹ̀. Inú èso náà fúnra rẹ̀ ni májèlé yìí ti wá, kì í ṣe oògùn tí wọ́n fín sí igi.

Wọ́n á ní, "Ṣebí àwọn baba wa jẹ ẹ́?" Wọ́n jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n dúró kó là, wọ́n sì ju kóró rẹ̀ nù, torí wọ́n mọ̀ pé ó ń pani. Ẹnu ọlọ́jà ni irọ́ yìí ti wá, kì í ṣe ẹnu àgbà.

Gírépù (grapefruit) tí wọ́n ń júwe fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru náà ńkọ́? Ní 1991, David Bailey àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà fi hàn pé omi rẹ̀ ń mú kí felodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pọ̀ kọjá ààlà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn náà, tó tún ń mu gírépù, lè rò pé òun ń tọ́jú ara òun ni.

N kò bá èso wa jà. Agbálùmọ̀ dára, ó ní fítámì C. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, wọ́n yọ èròjà kan tó ń jẹ́ eleagnine láti inú kóró rẹ̀, wọ́n sì rí i lára eku pé ó ń dín ìrora kù. Ẹ̀rí ara eku nìyẹn, kò tíì di oògùn ènìyàn. Ohun tó bá sì lágbára láti wo ara sàn, ó lágbára láti ba ara jẹ́.

Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọ bá jẹ iṣin tó wá ń bì, ẹ má po àgbo fún un. Bí ojú rẹ̀ bá ṣì là tó lè mu nǹkan, ẹ fún un ní omi ṣúgà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀yin tó ń lo oògùn, ẹ sọ gbogbo èso àti àgbo tí ẹ ń lò mọ́ ọn fún dókítà yín, kó tó kọ òmíràn fún yín.