Ẹ Wo Bírékì, Ẹ Má Wo Ọdún Ọkọ̀

Ẹ gbọ́, gbogbo ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tó wà ní Bwari, Ushafa, Dutse títí dé Kubwa. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ wa la bá wá lónìí, a ò sì ní sọ ọ́ ní wúyẹ́wúyẹ́.

Àbá kan wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ká dìbò lé lórí nípàdé òpin oṣù yìí. Wọ́n ní ọkọ̀ tí wọ́n bá ti ṣe ṣáájú 2010 kò gbọdọ̀ bá ẹgbẹ́ tò mọ́ tí a bá ń lọ síbi ìgbéyàwó, ìkómọ, ìsìnkú àgbà, tàbí tí a bá ń ṣọdún. Ẹni tó ni ín á ṣì máa san owó oṣù. Á ṣì máa ra aṣọ ẹbí. Tí ọmọ ẹgbẹ́ bá bímọ, á ṣì mú owó wá. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ ayẹyẹ, kó gbé ọkọ̀ ẹ̀ sílé, kó lọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ ẹlòmíì bí ẹni tí wọ́n ṣàánú fún.

Àwa tí a ń wa ọkọ̀ àtijọ́ kò gbà. A kọ̀ ọ́ pátápátá, a sì fẹ́ sọ ìdí ẹ̀ ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ìlara ló ń ṣe wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa: tuntun wo? Nínú gbogbo ọkọ̀ tí ẹ ń pè ní tuntun nínú ẹgbẹ́ yìí, mélòó ló ti inú ilé iṣẹ́ tó ṣe é bọ́ sọ́wọ́ yín tààrà? Tòkunbọ̀ ni. Òyìnbó ti wà á ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, ó ti fi gbé ọmọ lọ síléèwé, ó ti fi gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà, òmíì tiẹ̀ ti forí sọgi, kí wọ́n tó já a sílẹ̀ ní Tin Can l'Ékòó. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ wa la wá sọ ọ́ lórúkọ: Big Daddy, Muscle, Evil Spirit, Discussion Continues. Camry Muscle nìkan, láti 2007 sí 2011 ni wọ́n fi ṣe é. Tí òfin yìí bá dúró, Muscle 2009 á jókòó sílé, Muscle 2010 á tò síwájú. Orúkọ kan náà, ìrísí kan náà. Ta ló máa dúró lójú títì Bwari tó máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Ọgbọ́n wo ló wà nínú ìyẹn?

Ẹ má sì gbàgbé: pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. 2010 tí ẹ fi lélẹ̀ lónìí, àwọn ọmọ kan tí wọ́n lówó jù yín lọ á dé lọ́la, wọ́n á ní 2020 ni àwọn fẹ́. Ọjọ́ náà lẹ máa wá wa bọ̀, tí ẹ máa ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa dá sí i.

Ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n kà sí wa lọ́rùn. A máa dá a lóhùn níkọ̀ọ̀kan.

Èkíní, wọ́n ní ọkọ̀ àtijọ́ máa ń kú lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ wo ni kì í kú? Tí Peugeot 504 bá kú, púlọ́ọ̀gì, kọ́ńtáàtì àti kábúrétọ̀ la máa kọ́kọ́ wò. Mẹkáníìkì tó ní sípánà tó sì mọṣẹ́ lè jí i síbẹ̀, kí a máa lọ. Tí brain box ti ọkọ̀ tuntun bá gbọ̀nà ẹ̀bùrú yọ, ẹ máa wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí kò bá sì sí nítòsí, ẹ máa fà á ni. A ò sọ pé tuntun ò dára o. Ó ní airbag, bírékì ẹ̀ kì í há lójijì lójú òjò, kì í mu epo tó tiwa. A mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kò sí ọkọ̀ tó búra pé òun ò ní kú.

Èkejì, wọ́n ní ó ń rú èéfín. Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti jẹ́ òótọ́, a ò ní jiyàn. Ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ bá ń rú èéfín bí ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja, kó lọ tún un ṣe kó tó bá wa jáde. Èéfín búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Èéfín dúdú, epo ló ń wọlé jù. Mẹkáníìkì mọ àtúnṣe méjèèjì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ 1984 nìkan lèyí ń ṣe. Ọkọ̀ 2012 tí olówó ẹ̀ kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò á rú èéfín tó bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní ó ń ba fọ́tò jẹ́. Hẹn-ẹ́n! A ti dé ìdí ọ̀rọ̀ báyìí.

Ọ̀gá kan wà nínú ẹgbẹ́ yìí tó ní Benz 280 ti ọdún 1979. Ó ti kùn ún, ó ti dán, ó rán àga ẹ̀ tuntun. Tó bá gbé e jáde, gbogbo yín á sáré lọ dúró ti ìlẹ̀kùn ẹ̀, ẹ máa yafọ́tò. Ẹ ní "classic" ni. Kò sẹ́ni tó ní kó gbé e sílé. Bàbá kan tún wà láàárín wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tó ní 504 ti ọdún 1982. Ọkọ̀ bàbá yìí kéré sí Benz yẹn lọ́dún mẹ́ta gbáko. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ dáa, bírékì ẹ̀ ń mú, ìwé ẹ̀ pé. Ọ̀dà ẹ̀ ló ti ṣá. Bàbá náà lẹ ń lé sẹ́yìn.

Nítorí náà, kì í ṣe ọjọ́ orí ọkọ̀ lẹ bínú sí. Owó tí kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ni ín lẹ bínú sí. Tí àgbà bá fi ọkọ̀ àtijọ́ ṣe fáàrí, ẹ pè é ní ohun iyì. Tí àgbà bá fi ọkọ̀ àtijọ́ wá oúnjẹ, ẹ pè é ní ìtìjú. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ká gbọ́, ẹ má fi ọdún ọkọ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Ta ni kò sì fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀? Láti May 29, 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, gbogbo wa la mọ ohun tí ojú wa rí. Epo tí a ń rà láìtó ₦200 lítà kan ré kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó máa fi di òpin 2024, ó ti kọjá ₦1,000. Náírà náà lọ sílẹ̀ níwájú dọ́là, owó tòkunbọ̀ sì gbéra nílẹ̀. Oníṣòwò tó ti ń gbèrò láti ta ti ọwọ́ ẹ̀ kó fi kún un ra òmíì, ọjà ni owó náà padà sí, tàbí owó iléèwé ọmọ. Ọkọ̀ tí ẹ fi ń yẹ̀yẹ́ ẹ̀ yìí náà ló ń gbé ọjà láti Bwari lọ sí Kubwa, tó ń gbé aboyún lọ sílé ìwòsàn lóru. Ṣé ó dára fún òru, kò dára fún ọ̀sán ni?

Ẹ̀yin ọmọdé inú wa, ẹ jẹ́ ká rán yín létí ibi tí a ti ń bọ̀. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, ọdún náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Ìyẹn bọ́ sásìkò owó Udoji, tí owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba gbéra sókè. Tíṣà ra Ìjàpá, nọ́ọ̀sì ra Ìjàpá. Ọ̀gá ní ọ́fíìsì ra 504. Lọ́dún 1991 tí ìjọba kó kúrò l'Ékòó wá sí Àbújá, inú 504 ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá yín jókòó sí, tí ẹrù wà lórí ẹ̀, tí ẹ̀yin náà wà lórí ẹsẹ̀ ìyá yín. Títí di 2006 ni wọ́n ṣì ń to 504 ní Kàdúná. Ìjàpá náà ńkọ́? Ó lé ní mílíọ̀nù 21 tí wọ́n ṣe káàkiri àgbáyé kí wọ́n tó ṣe ìgbẹ̀yìn ẹ̀ ní Mẹ́síkò ní July 2003. Nǹkan tí gbogbo ayé lò bẹ́ẹ̀, kò yẹ kó di ohun ẹ̀sín lẹ́nu ọmọ tí wọ́n fi í gbé wá láti ilé ìgbẹ̀bí.

Ẹ sì wo ìlú òyìnbó tí ẹ ti ń kó tuntun yín bọ̀. Ní Jámánì, ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún 30 lè gba nọ́ńbà àrà ọ̀tọ̀ tó ní lẹ́tà H níparí. Ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ara ẹ̀ dá, bóyá ó ṣì wà bí wọ́n ṣe ṣe é. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dọọdún nínú oṣù November, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1905 máa ń rìn láti Lọ́ńdọ̀nù dé Brighton. Òmíì á kú lójú ọ̀nà, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á máa bá ìrìn àjò lọ. Èrò á tò sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́. Ọmọ Yorùbá wa náà, Pelumi Nubi, tó wakọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó lọ́dún 2024, kì í ṣe jíìpù ńlá ló gbé o. Peugeot 107, ọkọ̀ kékeré bíńtín, ló gbé e délé. Ẹnikẹ́ni ò sì ní kó gba ẹ̀yìn wọ Èkó.

Ká tiẹ̀ fi ti òyìnbó sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, níbi Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Àwọn ìdílé Balógun, orí ẹṣin ni wọ́n ń wá kí Awùjalẹ̀. Ẹṣin o! Ta ló sọ fún wọn rí pé ẹṣin ti pẹ́ jù, kí wọ́n lọ gbé Prado wá? Regbéregbé náà ńkọ́? Ọ̀dọ́ á jáde, àgbà á jáde, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹwà tirẹ̀. Kò sí regbéregbé ọ̀dọ́ tó dìbò pé kí ti àgbà jókòó sílé torí pé irun wọn ti funfun. Ohun tí àwọn ará ilé ń fi yangàn lójú ayé, ṣé àwa tí a wá jẹun lóko la máa wá sọ nù?

Wàyí o, a gbọ́ pé àwọn kan ń sọ pé tí a bá ń bẹ̀rù òfin, ó túmọ̀ sí pé ọkọ̀ wa ò dára. Irọ́ ni. Òfin gan-an la fẹ́, òfin tó ní láárí la fẹ́. Ẹ lọ wo ara táyà ọkọ̀ yín. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó gbẹ̀yìn ni ọdún. Tí ẹ bá rí 1414, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2014 ni. Venza tó ń dán, tó wà lórí táyà tòkunbọ̀ 2014, tó ń sáré 120 lójú títì Kubwa, àti 504 tó wọ táyà tuntun tó rọra ń bọ̀ ní 70, èwo nínú méjèèjì lẹ fẹ́ kó wà níwájú ọkọ̀ tó gbé ìyàwó? Èwo ló lè kó wa sí wàhálà?

Nítorí náà, ohun tí àwa mú wá rèé, a sì fẹ́ kí wọ́n kà á nípàdé kí ẹnikẹ́ni tó na ọwọ́ sókè:

Èkíní, kí ẹgbẹ́ pe mẹkáníìkì méjì tí gbogbo wa fọkàn tán, ẹni tó mọ ọkọ̀ àtijọ́ kan, ẹni tó mọ ọkọ̀ ayé òde òní kan. Kí wọ́n yẹ gbogbo ọkọ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: bírékì, táyà, iná iwájú àti ẹ̀yìn, wáípà, bẹ́líìtì ìjókòó, èéfín, àti ìwé ọkọ̀. Tọmọdé tàgbà, tọlọ́lá ti mẹ̀kúnnù. Èyí tó bá yege á tò. Èyí tí kò bá yege á lọ gba àtúnṣe, ì báà jẹ́ 2022.

Èkejì, ipò tí ọkọ̀ máa wà lọ́wọ̀ọ́wọ́, ẹni tó kọ́kọ́ dé ni kó kọ́kọ́ tò, àyàfi ọkọ̀ ẹni tó ń ṣayẹyẹ. Kí èyí tí kì í sáré máa wà láàárín, kí gbogbo wa lè jọ rìn.

Ẹ̀kẹta, kí á yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó oṣù láti fi ran ọmọ ẹgbẹ́ tí ọkọ̀ ẹ̀ kò yege lọ́wọ́, bí owó táyà tàbí ti bírékì bá ká a mọ́. Kó dá a padà díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ ẹgbẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ àtijọ́ tí ẹ máa ń sọ pé àwọn ọmọ yìí ò mọ̀ ju kí wọ́n tẹ bọ́tìnì lọ, ẹ dẹwọ́ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ni wọ́n ń fi ọkọ̀ wọn gbé èrò tó pọ̀ jù nígbà ìsìnkú. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà; ṣùgbọ́n aṣọ àti àkísà, inú àpótí kan náà ni wọ́n jọ ń gbé.

Tí wọ́n bá wá fi ọwọ́ líle gba àbá 2010 wọlé, kí gbogbo ayé gbọ́ ọ lẹ́nu wa: a ò ní bá ẹnikẹ́ni jà, a ò sì ní bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò yẹ ní títò, owó olówó ẹ̀ kò yẹ ní gbígbà. Ọjọ́ tí ẹ bá ní kí ọkọ̀ wa dúró sílé, owó oṣù wa náà á dúró tì í. Bwari kì í ṣe ilé baba ẹnì kankan nínú wa. Àwọn Gbagyi ló ni ilẹ̀, àtìpó ni gbogbo wa. Tí àtìpó bá tún ń pín ara wọn sí ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, ta ló máa sin wọ́n délé lọ́jọ́ tí nǹkan bá le?

Ẹ wá sípàdé o. Ẹ má jókòó sílé kí ẹ wá máa kùn lẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ọkọ̀ tuntun tí ẹ sì mọ̀ pé ohun tí a sọ yìí tọ́, ohùn yín la nílò jù. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí ìjàm̀bá ọkọ̀, lórí tuntun àti lórí àtijọ́. Àmín o.