Àfòmọ́ Orí Igi Ẹlòmíràn: Ìwé-Àṣẹ Wo Ni Ó Yẹ Ohun Tí A Fi Kún Ètò Kọ̀ǹpútà?

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tí kò mọ àfòmọ́. Láti ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé kì í dá dúró: "ì-" inú "ìfẹ́", "àì-" inú "àìsùn", kò sí èyí tí ènìyàn lè dá sọ kí ó ní ìtumọ̀. Inú igbó ni a ti mú orúkọ náà, lára ewé tó ń hù lórí igi ẹlòmíràn, èyí tí àwọn àgbà sọ pé kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni í bá tan. Mo fẹ́ yá ọ̀rọ̀ yìí lò fún nǹkan mìíràn lónìí, ìyẹn ètò kékeré tí a ń kọ láti fi kún ètò kọ̀ǹpútà ńlá kí ti ńlá náà lè ṣe ohun tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀. Extension ni àwọn elédè Faransé ń pè é. Èmi yóò pè é ní àfòmọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn kan nínú wa ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ àti lọ́dọ̀ àwọn Ifẹ̀ ilẹ̀ Tógò, kí a lè ṣe ètò tí yóò máa yẹ àkọtọ́ wò nínú LibreOffice àti Firefox, kí kọ̀ǹpútà yé fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo ohun tí a bá kọ. Àwọn mìíràn ń kọ àṣẹ kéékèèké fún Praat láti fi wọn ohùn. Nígbà tí a bá bèèrè pé ìwé-àṣẹ wo ni iṣẹ́ wọ̀nyí yóò gbé jáde, ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ ni pé, "Ọ̀fẹ́ ṣáà ni, ẹ gbé e síta." Èmi kò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú "ọ̀fẹ́" ná. Faransé ya "gratuit" sọ́tọ̀ kúrò lára "libre", àwa náà sì ní "ọ̀fẹ́" àti "òmìnira". Òmìnira ni àwọn tó dá GPL sílẹ̀ ń wá. Richard Stallman àti Free Software Foundation ni wọ́n kọ ìwé-àṣẹ náà. Ẹ̀dà kìíní jáde ní 1989, èkejì ní 1991, ẹ̀kẹta ní 2007. Ó gbà kí o lo ètò náà, kí o tú u wò, kí o tún un ṣe, kí o fún ẹlòmíràn, kódà kí o tà á. Ohun kan ṣoṣo ló ní kí o má ṣe: bí o bá fún ènìyàn ní ohun tí o kọ́ lé e lórí, má fi òmìnira tí ìwọ rí gbà dù ú. Fún un ní kóòdù, kí o sì fún un ní àṣẹ kan náà. Bí o bá ṣe tìrẹ nílé tí o kò fún ẹnikẹ́ni, kò sí ẹni tí yóò bi ọ́ léèrè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí apá ìkẹyìn yìí.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni àfòmọ́. Ṣé apá kan ara igi ni, tàbí ẹyẹ tó kàn bà lé ẹ̀ka? Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ mọfọ́lọ́jì. Nínú "àìsùn", bí o bá yọ "àì-", kò níbi tí yóò lọ. Ṣùgbọ́n nínú gbólóhùn "Adé sùn", ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n, wọ́n kàn pàdé ni. Bí Free Software Foundation ṣe túmọ̀ ìwé-àṣẹ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èyí mu: bí àfòmọ́ bá wọnú ètò ńlá tí àwọn méjèèjì ń pe iṣẹ́ ara wọn tí wọ́n sì ń pín dátà lò nínú ìrántí kan náà, ètò kan ni wọ́n, GPL sì bo méjèèjì. Bí èkíní bá kàn pe èkejì síṣẹ́, tí ó gba èsì, tí ó sì padà sí àyè rẹ̀, ètò méjì ni wọ́n. Àṣẹ tí o kọ fún Praat tún yàtọ̀. GPL ni Paul Boersma àti David Weenink ti Yunifásítì Amsterdam fi gbé Praat jáde, ṣùgbọ́n kíkà ni Praat ń ka àṣẹ tí o kọ, bí ìgbà tí ènìyàn ń ka lẹ́tà. Lẹ́tà kì í di ti ẹni tó kà á.

Àwọn ètò kan wà tí kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àlàyé ẹnu. GCC, ètò tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ, bẹ̀rẹ̀ sí í gba àfòmọ́ ní ẹ̀dà 4.5 ní 2010. Ó ní kí àfòmọ́ kọ̀ọ̀kan gbé orúkọ kan dání, plugin_is_GPL_compatible. Bí kò bá rí i, kò ní jẹ́ kí ó wọlé. Linux náà ń béèrè lọ́wọ́ módù kọ̀ọ̀kan pé kí ó sọ ìwé-àṣẹ rẹ̀. Èyí tí kò bá sọ pé GPL ni òun tàbí ohun tó bá GPL mu, àwọn iṣẹ́ kan wà tí a kò ní jẹ́ kí ó pè, Linux yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara òun ti ní àbàwọ́n.

Ní 2004, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Linuxant ta ọgbọ́n kan tí ó yẹ kí gbogbo onímọ̀ gbólóhùn gbọ́. Ní ibi tí módù wọn ti ń sọ ìwé-àṣẹ rẹ̀, wọ́n kọ "GPL", wọ́n fi àmì òdo tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó wá máa bá ọ̀rọ̀ lọ pé àwọn fáìlì inú àpò tó ń jẹ́ "GPL" nìkan ni èyí kàn. Nínú èdè C, àmì òdo ni òpin ọ̀rọ̀. Nítorí náà "GPL" ni Linux kà, ó sì dákẹ́ níbẹ̀; ènìyàn tó bá ṣí kóòdù wò nìkan ni yóò rí ìyókù. Wọ́n ní àwọn ṣe é kí ìkìlọ̀ Linux má baà máa dààmú àwọn oníbàárà. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí a gé láàárín kí ẹni tó ń gbọ́ lè gbà á sí nǹkan mìíràn, irọ́ ni nílé wa, bí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Ti WordPress ṣòro dá ju ìyẹn lọ. GPL ni ètò náà. Ní 2009, Matt Mullenweg tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀ gbé èrò àwọn agbẹjọ́rò Software Freedom Law Center jáde: kóòdù PHP inú ẹ̀wù tí a ń wọ̀ fún WordPress ń bá a ṣiṣẹ́ pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ètò kan, nítorí náà GPL bò ó; àwòrán àti CSS lè wà lábẹ́ ìwé-àṣẹ mìíràn. Ní 2010, Chris Pearson tó ń ta ẹ̀wù kan tó ń jẹ́ Thesis sọ pé òun kò gbà, pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Àwọn méjèèjì fa ọ̀rọ̀ náà ní gbangba, ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún náà, Pearson fi PHP rẹ̀ sábẹ́ GPL. Ọ̀rọ̀ náà kò dé iwájú adájọ́, nítorí náà kò sí ìdájọ́ kankan níbẹ̀ tí a lè fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ní tèmi o, Mullenweg ni mo gbè. Bí Thesis kò bá pe iṣẹ́ WordPress, kò lè ṣí ojú ìwé kan ṣoṣo. "Àì-" láìsí "sùn" ni.

Igi kan yàtọ̀ sí èkejì ṣá o. Lábẹ́ MPL, tí ẹ̀dà 2.0 rẹ̀ jáde ní 2012, fáìlì kọ̀ọ̀kan ni òfin ń tẹ̀ lé. Fáìlì tuntun tí ìwọ fúnra rẹ kọ lè gba ìwé-àṣẹ tó wù ọ́. LibreOffice àti Firefox sì lo MPL. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé wàhálà ti tán fún àwa tí a ń ṣe ètò àkọtọ́. Kò tán, nítorí òfin ẹ̀tọ́ nìkan kọ́ ló wà. Òfin ọjà wà pẹ̀lú. Ìyálọ́jà lè má ní ilẹ̀ ọjà, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ ẹni tí yóò pàtẹ. Ní 2009, Free Software Foundation bẹ̀rẹ̀ àkójọ àfòmọ́ tiwọn fún OpenOffice.org, nítorí èyí tó wà ń polówó àwọn tí kò ní òmìnira. Nígbà tí The Document Foundation bẹ̀rẹ̀ LibreOffice ní 2010, ohun tí Stallman torí rẹ̀ yọ̀ jù ni pé wọn kò ní polówó irú àfòmọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bákan náà ni kíbọọ̀dù tí a bá fẹ́ fi sí àkójọ Keyman: ìwé-àṣẹ MIT ni wọ́n ń gbà.

Ní ti àkọtọ́ wa, fáìlì méjì ni Hunspell ń kà: .dic tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, àti .aff. Kí ni "aff"? Àfòmọ́ ni! Nínú rẹ̀ ni a ti ń sọ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí. (Ti ìparí kò ní í wúlò fún Yorùbá, ẹ fi sílẹ̀ lófìfo.) Dátà ni fáìlì méjèèjì, Hunspell kàn ń kà wọ́n ni, nítorí náà àwa la ni yíyan ìwé-àṣẹ. Àwọn kan nínú wa ń fẹ́ kí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi pa owó. Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù: kí ilé-iṣẹ́ ńlá má baà kó ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa lọ tà. Ṣùgbọ́n ẹ ro ibi tí ìlà kan yẹn yóò gbé wa dé. Debian kò ní gbà á sínú àkójọ rẹ̀ gan-an, nítorí ètò tó ní òmìnira kò gbọdọ̀ ya oníṣòwò sọ́tọ̀. Ẹni tó ń tẹ ìwé fún àwọn ènìyàn ní Àjàṣẹ́ tó sì ń gba owó ojú ìwé kò ní mọ̀ bóyá òun lè lò ó. Ilé-iṣẹ́ ńlá ní owó tí yóò fi ṣa ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹni tí a fẹ́ ṣe lóore gan-an ni a óò tì síta. GPL tàbí LGPL tó ohun tí a fẹ́: ẹni tó bá tún un ṣe tó sì pín in, kí ó fún wa ní tirẹ̀ náà.

Kí a tó fi ìwé-àṣẹ kankan sí i, a gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Ọ̀rọ̀ kan kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Àlàyé àti ètò tí ènìyàn fi ọgbọ́n orí rẹ̀ tò jọ ni ó ní oní. Àkójọ ọ̀rọ̀ tí Ajayi Crowther tẹ̀ ní 1843 ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, nítorí 1891 ni ó kú. Ti R. C. Abraham tó jáde ní 1958 kò rí bẹ́ẹ̀. 1963 ni Abraham kú, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì pa á mọ́ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, títí di ìparí 2033. Ẹni tó ń da ìwé Abraham kọ sínú kọ̀ǹpútà ní alaalẹ́ tó sì fẹ́ fi GPL lé e lórí, ó ń fún ènìyàn ní ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun kejì ni ìfọwọ́sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale Paris ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó di VLC ní 1996, ó sì wà lábẹ́ GPL láti 2001. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yí i sí LGPL, ní 2011 àti 2012, àfi kí wọ́n wá àwọn tó ti kọ kóòdù sínú rẹ̀ kiri, títí kan àwọn tó ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Àwa kò tíì pé ogún. Ẹ jẹ́ kí oníkálùkù fọwọ́ sí ìwé kan nísinsìnyí, kí àwọn tó ń ṣe àṣekágbá tó tú ká.

Ní ti àwọn àgbà tí a gbohùn wọn sílẹ̀, mo rọ̀ wá kí a ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára orin. Ọ̀rọ̀ lásán lè wọnú .dic. Orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti oríkì ìdílé kò ní ohun tí wọ́n ń wá nínú àfòmọ́ LibreOffice, ìwé-àṣẹ tó bá sì gba ẹni gbogbo láyè láti tún nǹkan ṣe kò yẹ wọ́n, àfi bí àwọn tó ni wọ́n bá jókòó, tí a ṣàlàyé fún wọn lédè tó yé wọn, tí wọ́n sì gbà. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, èmi yóò mú ìwé ìfọwọ́sí méjì wá, ọ̀kan fún àwa tí a ń kọ kóòdù, ọ̀kan fún àwọn ìyá àti bàbá tí a lọ bá ní Kétu. Ẹni tó bá lè túmọ̀ èkejì sí ohùn Ṣábẹ̀ẹ́, kí ó jọ̀wọ́ rí mi kí ọjọ́ náà tó pé.