Kí A Má Fi Aláìsàn Wa Pamọ́ Sí Ìyẹ̀wù

Ẹ̀yin ará wa ní Natako, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n ni a fẹ́ bá yín sọ. Ó ti ń di àṣà láàrin wa pé bí ọwọ́ bàbá kan bá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, tí ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò sì lè rẹ́rìn-ín bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́, àwọn ará ilé a gbé e sí ìyẹ̀wù kí àlejò má ba à rí i. Àwọn kan a ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn mìíràn a fi í sínú mọ́tò, ó di ilé, láìmú oògùn rẹ̀ dání.

Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ gbígbọ̀n ni ó jẹ́ àrùn kan náà. Dókítà ni yóò sọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń le sí i lọ́dọọdún, James Parkinson, oníṣègùn kan ní London, ti kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1817, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pè é. Òun ni ó mú Muhammad Ali akànṣẹ́. Ní 1996, ní Atlanta, gbogbo ayé rí ọwọ́ rẹ̀ tí ń gbọ̀n bí ó ti ń tan iná ìdíje Òlíḿpíìkì. Ẹnikẹ́ni kò fi í pamọ́.

Kì í ṣe ọwọ́ nìkan ni ó ń gbọ̀n, ọkàn náà ń gbọ̀n. Nínú ẹni mẹ́ta tí ó ní àrùn Parkinson, ó tó ẹnì kan tí ìbẹ̀rù ń dà láàmú. Ojo kọ́. Àrùn tí ó wà nínú ọpọlọ ni ó fa apá kan rẹ̀. Ìrònú ọjọ́ ọ̀la ni ó fa ìyókù.

Nítorí èyí ni àwọn oníṣègùn ìlú òyìnbó ṣe ń dán ẹ̀rọ kan wò tí wọ́n ń pè ní virtual reality. Bí awò ńlá ni ó rí. Bí a bá fi bo ojú aláìsàn, yóò máa rí etí òkun tàbí igbó tútù yí ara rẹ̀ ká, yóò sì máa gbọ́ ohùn ẹyẹ. Bí ó bá yí orí, ìran náà a bá a yí. Ọkàn àwọn kan ń balẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nípa rẹ̀. Kò wo àrùn náà sàn o, òòyì sì máa ń kọ́ àwọn mìíràn, nítorí náà ẹni tí ó máa ń ṣubú gbọ́dọ̀ jókòó kí a tó fi sí i lójú.

Àwa kò ní kí ẹ̀ka wa lọ ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń fi àwòrán wá kiri: omi, igi, afẹ́fẹ́. Odò Ọya àti Bẹ́núé pàdé ní Lokoja níbí, Òkè Patti sì dúró lókè orí wa. Ẹni tí a sé mọ́ ìyẹ̀wù kò rí ọ̀kankan nínú wọn.

Àbá wa ni pé kí ìpàdé yan àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa gbé àga lọ bá àwọn aláìsàn wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n mú wọn jáde síbi tí afẹ́fẹ́ odò gbé ń fẹ́. Kí a sì yọ díẹ̀ nínú owó ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí kò rí levodopa rà, nítorí ewu ńlá ni kí a dá oògùn yẹn dúró lójijì láìgbọ́ ti dókítà. Bí ìbẹ̀rù kò bá jẹ́ kí aláìsàn sùn lóru, kí ará ilé sọ ọ́ ní ilé ìwòsàn. Ìtọ́jú wà fún ìyẹn náà. Ẹni tí ó bá ní irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nílé, kí ó jẹ́ kí akọ̀wé gbọ́ ṣáájú ìpàdé tí ń bọ̀.