Ibi Tí Abẹ́rẹ́ Ti Kan Àwo Ni Kí Owó Lọ

Lọ́dún 2022, rẹ́kọ́ọ̀dù ta ju CD lọ ní Amẹ́ríkà, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ mọ́ láti 1987. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 41 rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n kó jáde níbẹ̀ lọ́dún náà, CD ò sì ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 33 lọ. Àwo tuntun ni gbogbo rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ha á lára, ẹni tó ni ín á padà sí ṣọ́ọ̀bù, á ra òmíràn.

Ọ̀rọ̀ tiwa ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Rẹ́kọ́ọ̀dù tó wà nílé Yorùbá, èyí tí bàbá rà tàbí èyí tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ ló pọ̀ jù: Yusuf Ọlátúnjí lórí Philips, Àyìnlá Ọmọwúrà lórí EMI, Ebenezer Obey lórí Decca, Sunny Adé lórí African Songs. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọn ò tún tẹ̀ mọ́ láti ọdún gbọọrọ. Kì í sì í ṣe orin nìkan ló wà nínú wọn. Onísákárà àti alápàlà máa ń dárúkọ ẹni tó pè wọ́n sóde, wọ́n á kì í dé orí bàbá ńlá rẹ̀, wọ́n á dárúkọ ọmọ, wọ́n á dárúkọ ìyàwó, wọ́n á ki ẹgbẹ́ tó ń ṣe. Ìdílé mìíràn wà tó jẹ́ pé inú àwo kan ṣoṣo ni orúkọ bàbá wọn ti ń dún títí dòní. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù sílé, tí owó ọwọ́ rẹ̀ ò sì pọ̀, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ wádìí ni ohun tí ẹ̀rọ náà máa ṣe sí àwo. Bó ṣe dùn ún wò tó, ẹ̀yìn ìyẹn ni.

Ẹ̀rọ tó sì máa ń kọ́kọ́ wọ èèyàn lójú ni alápòótí, àpótí kékeré tó ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e kiri. Crosley Cruiser ló lókìkí jù nínú wọn, àìmọye irú rẹ̀ sì wà tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe. Àwọ̀ rẹ̀ ń dán, sípíkà wà nínú rẹ̀, Bluetooth wà níbẹ̀, owó rẹ̀ kì í sábà tó 100 dọ́là. Wọ́n á gbé e dé, wọ́n á kì í bọ iná, orin dé. Ó rọrùn láti rí ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀, kí wọ́n wo abẹ́ apá rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kékeré ló wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n sábà máa ń fi ike pupa ṣe ìdí rẹ̀. Ìwúwo tí apá yẹn fi ń tẹ àwo máa ń tó nǹkan bíi gíráàmù 5, kò sì sí ibi tí wọ́n ti lè dín in kù. Abẹ́rẹ́ VM95E tí Audio-Technica ń ṣe, gíráàmù 2 ló ń fẹ́. Àwọn tó ṣe é ní kò gbọdọ̀ dín sí 1.8, kò sì gbọdọ̀ lé ní 2.2. Ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni alápòótí fi ń tẹ ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tí orin wà.

Ìṣòro kejì tún wà tí àwọn olùtajà kì í sọ. Inú àpótí kan náà ni sípíkà àti apá jọ wà. Agídìgbo ló gbé àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá dúró, ohùn ìsàlẹ̀ agídìgbo sì máa ń mi nǹkan. Bí wọ́n bá yí ohùn sókè, àpótí á gbọ̀n, apá á bá a gbọ̀n, abẹ́rẹ́ á fò. Ọ̀pọ̀ á wá rò pé àwo ló ti bàjẹ́, wọ́n á gbé owó ẹyọ lé orí apá kó má baà fò mọ́. Owó ẹyọ yẹn ló ń ba àwo jẹ́ gan-an.

Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré tí alápòótí bá kọ àwo, àwo ti parí nìyẹn. Àsọdùn ni. Àwọn àgbà náà á sì rántí pé ṣéńjà Garrard àti BSR inú rédíógíráàmù ayé ìjọ́un kì í fúyẹ́ lára àwo, síbẹ̀ orin ń dún. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ nígbà yẹn, bí àwo bá gbó, tuntun rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì. Ìyà tí abẹ́rẹ́ wíwúwo fi jẹ àwọn àwo yẹn ṣì wà lára wọn dòní. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún fi kún un.

Fún ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí kò sì fẹ́ wàhálà, AT-LP60X ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. Audio-Technica ló ń ṣe é, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1962, tó jẹ́ pé katíríìjì (ibi tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀) àti abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ máa ń wà láàárín dọ́là 150 sí 200. Wọ́n á tẹ bọ́tìnì, apá á dìde fúnra rẹ̀, á lọ sí etí àwo, á rọra sọ̀ kalẹ̀. Bí orin bá parí, á padà sí àyè rẹ̀. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ò ní fa abẹ́rẹ́ gba orí àwo kọjá. Ìdí yìí nìkan tó láti rà á fún ìyá àgbà. Ilé iṣẹ́ ti díwọ̀n ìwúwo apá rẹ̀ sílẹ̀, kò ṣeé yí, ṣùgbọ́n kò dé ti alápòótí. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣeé fọwọ́ fà yọ, tuntun rẹ̀ ò sì wọ́n. Àléébù rẹ̀ ni pé katíríìjì tó bá wá ni wọ́n á máa lò títí, kò sì lè kọ àwo 78.

Ẹni tó bá lè fi owó kún un títí dé bíi dọ́là 350 tàbí 400 á rí AT-LP120X. Ó fara jọ SL-1200 tí Technics gbé jáde lọ́dún 1972, ẹ̀rọ tí àwọn díjéè kárí ayé fi jẹun, tí wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró lọ́dún 2010 kí wọ́n tó tún gbé e padà lọ́dún 2016. Mọ́tò AT-LP120X ló ń yí àwo tààrà, kò lo bẹ́líìtì. Ó ń kọ 33⅓, 45 àti 78. Èyí tó sì ṣe pàtàkì jù ni pé irin kan wà nídìí apá rẹ̀ tí wọ́n ń yí láti díwọ̀n ìwúwo abẹ́rẹ́.

Díwọ̀n rẹ̀ ò le. Wọ́n á yí irin náà títí apá á fi dúró gbọọrọ lófuurufú, tí kò wálẹ̀, tí kò sì gòkè. Wọ́n á di irin mú, wọ́n á yí òrùka nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀ nìkan sí òdo. Lẹ́yìn náà, wọ́n á yí irin àti òrùka pọ̀ títí nọ́ńbà á fi dé 2, ìyẹn ìwúwo tí VM95E ń fẹ́. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì lè ṣe é fún àwọn òbí rẹ̀ kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná. Gbogbo owó tí wọ́n fi kún ti AT-LP60X, nítorí irin kékeré yìí ló fi tọ́ sí wọn ju ohunkóhun mìíràn lọ.

Ọ̀rọ̀ ampilifáyà ò gba àlàyé púpọ̀, àmọ́ òun ló máa ń dá ọ̀pọ̀ dúró lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohùn tó ń ti ara abẹ́rẹ́ wá kéré jọjọ. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, wọ́n sì ti fi kún tòkè nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ àwo, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí àwọn ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1954. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà láàárín tó máa gbé ohùn náà sókè, tó sì máa dá a padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Ampilifáyà àtijọ́ ní ihò tí wọ́n kọ PHONO sí. Ọ̀pọ̀ hóòmù tíátà òde òní ò ní in. Nǹkan náà ti wà nínú àwọn ẹ̀rọ Audio-Technica méjèèjì yìí, bọ́tìnì kékeré kan ni wọ́n fi ń tàn án. Bí orin bá ń dún tíntín tí kò ní ìsàlẹ̀, kí wọ́n wo bọ́tìnì yẹn kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ padà fún ẹni tó tà á.

Iná ni àwọn ará òkè òkun kì í kọ sínú ìmọ̀ràn wọn, níbẹ̀ gan-an sì ni owó àwọn èèyàn wa ti ń ṣòfò. Ọmọ tó wà ní Houston á rí ẹ̀rọ àtijọ́ tó dáa lówó pọ́ọ́kú, á fi ọkàn rere fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fólítì 120, Hertz 60. Tiwa jẹ́ nǹkan bíi fólítì 230, Hertz 50. Bàbá mọ̀ pé wọn kì í ki irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bọ iná wa tààrà, torí náà á ra tiransifọ́mà. Ẹ̀rọ ò ní jóná. Ṣùgbọ́n tiransifọ́mà ò lè sọ Hertz 50 di 60, bẹ́ẹ̀ Hertz yẹn ni ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́ ń tẹ̀ lé láti mọ bí wọ́n ṣe máa sáré tó. Àwo tó yẹ kó yípo ní ìgbà 33⅓ láàárín ìṣẹ́jú kan ò ní tó 28. Ohùn Obey á wálẹ̀, á máa fà bíi ti ẹni tó ń tòògbé. Bàbá á ní ẹ̀rọ tí ọmọ òun fi ránṣẹ́ ti bàjẹ́, nígbà tí kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ.

Ọmọ tó wà ní Peckham ò ní ìṣòro yìí. Hertz 50 ni iná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fólítì rẹ̀ bá tiwa mu, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ pàápàá wọ ihò iná wa. Bí ìdílé kan bá ní ọmọ ní ìlú méjèèjì, ti London ni kí wọ́n bẹ̀ kó wá ẹ̀rọ àtijọ́ ránṣẹ́. Kí ti Amẹ́ríkà ra abẹ́rẹ́.

Ẹ̀rọ òde òní ti bọ́ nínú ìyọnu yìí. AT-LP60X àti AT-LP120X ń lo ádápítọ̀ kékeré tó ń sọ iná di fólítì 12 kó tó dé inú ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá ti kọ 100–240V sára ádápítọ̀ náà, kò sí ìlú tí kò ti lè ṣiṣẹ́. Ó wúlò fún jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú. Bí fíríìjì bá gba iná lójijì, ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ kékeré á falẹ̀ díẹ̀, Hertz á lọ sílẹ̀, mọ́tò àtijọ́ á bá a lọ, orin á sì yà kúrò lójú ọ̀nà. Mọ́tò olófólítì 12 ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Nílé tí iná kì í dúró, èyí wúlò ju Bluetooth tí wọ́n ń polówó lọ.

Tòkunbọ̀ náà ò burú. Kódà, ẹni tí ojú rẹ̀ là lè fi owó kékeré ra ohun tó dáa ju tuntun lọ. Tó bá dé ọjà, kó má jẹ́ kí wọ́n fi ariwo sípíkà dí i létí. Kó gbé apá ẹ̀rọ sókè, kó sọ ọ́ kalẹ̀, kó mọ̀ bóyá ó ń lọ geere àbí ó ń há. Kó ṣí abala irin tí àwo ń jókòó lé, kó wo bẹ́líìtì. Èyí tó ti dẹ̀ tàbí tó ti sán, wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó lẹ bébà kékeré mọ́ etí irin yẹn, kó tan ẹ̀rọ sí 33⅓, kó máa ka iye ìgbà tí bébà bá kọjá níwájú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó yẹ kó jẹ́ 100 géérégé. Bó bá ka nǹkan bíi 83, ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ni wọ́n fẹ́ tà fún un.

Abẹ́rẹ́ tòkunbọ̀ ní tiẹ̀, kí wọ́n má kà á mọ́ owó ọjà. Kò sí ẹni tó mọ iye wákàtí tó ti lò, abẹ́rẹ́ tó bá sì ti gbó máa ń ní etí mímú tó ń họ ilà orin kúrò. Kí wọ́n ya owó abẹ́rẹ́ tuntun sọ́tọ̀ kí wọ́n tó ná ẹ̀rọ. Wákàtí 300 ni Audio-Technica fún VM95E. Ẹni tó bá ń gbọ́ odidi LP kan lálaalẹ́, ojú kìíní àti ojú kejì, á lò ó ju ọdún kan lọ.

Ó wá ku àwọn àwo 78, èyí tó nípọn, tó sì ń fọ́ bó bá já bọ́. Irú rẹ̀ ni Túndé King ṣe fún Parlophone lọ́dún 1936, irú rẹ̀ sì ni àwo tí Hárúnà Ìṣọ̀lá kọ́kọ́ ṣe fún HMV lọ́dún 1948. Ilà wọn fẹ̀ ju ti LP lọ, orí abẹ́rẹ́ wọn sì tóbi tó bí ìlọ́po mẹ́rin ti LP. Abẹ́rẹ́ LP tí wọ́n bá gbé lé wọn á rì sí ìsàlẹ̀ ilà níbi tí eruku wà, ariwo ni wọ́n á máa gbọ́. Wọn ò sì gbọdọ̀ fi spírítì nù wọ́n láé, torí spírítì máa ń yọ́ ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n. Ilé tó bá ní irú àwo bẹ́ẹ̀, kí àwọn ọmọ dá owó jọ ra AT-LP120X, kí wọ́n sì ra abẹ́rẹ́ 78 tí Audio-Technica ṣe fún VM95 mọ́ ọn. Wọ́n á fa ti LP yọ, wọ́n á fi ti 78 sí i, wọ́n á tún irin ìdí apá yí sí ìwúwo tí wọ́n kọ sára páálí abẹ́rẹ́ náà.