Ẹ Jẹ́ Kí A Yé Kọ Orúkọ Wa Sára Òkúta Riyom

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bá ara wa sọ. Kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú, pàápàá àwọn ìgbìmọ̀ ìgbafẹ́, ṣùgbọ́n inú ìwé ẹgbẹ́ wa ló yẹ kí a ti sọ ọ́ kí ó tó di ohun tí àwọn ará ìta yóò máa fi bú wa.

Ní sáà tó kọjá, bọ́ọ̀sì méjì ni a gbà lọ sí Riyom. Àwọn tó bá wa lọ mọ bí ọjọ́ náà ṣe dùn tó. A jó, a ya fọ́tò, a sun ẹran. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a kúrò níbẹ̀, ẹnì kan fa agolo ọ̀dà funfun yọ láti inú àpò, ó sì kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa gàdàgbà-gadagba sára òkúta, ó fi ọdún tì í. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. A kò ní purọ́ fún yín, àwa tí à ń kọ ìwé yìí náà pàtẹ́wọ́. Àwọn kan nínú wa ló tiẹ̀ fi èjìká gbé akọ̀wé náà sókè. Ìgbà tí a padà dé, tí fọ́tò jáde, tí a rí i pé orúkọ wa ló kọ́kọ́ ń wọni lójú kí a tó rí òkúta, ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wá lóminú.

Fún àwọn tí kò tíì dé ibẹ̀: ẹ̀bá ọ̀nà tó ti Jos lọ sí Akwanga ni òkúta Riyom wà. Ṣàdédé ni ẹ ó rí òkúta ràbàtà-ràbàtà tí wọ́n gun ara wọn lórí bí ìgbà tí ìyá aláta bá to tòmátì sórí àtẹ. Ẹ ó rò pé bí ẹ bá sín, wọn yóò wó. Ọmọ ọdún kìíní kan béèrè lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ náà pé, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló gbé wọn ka ara wọn?” Ẹnì kan ní àǹjọ̀nú ni. Ẹlòmíràn ní àwọn òmìrán ayé àtijọ́ ni. A rẹ́rìn-ín, a sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n a ti wá rò ó pé bí a bá mọ ìdáhùn ìbéèrè ọmọ yẹn ni, bóyá a kì bá tí gbé ọ̀dà lọ síbẹ̀ rárá.

Ìdáhùn náà ni pé kò sí ẹni tó gbé òkúta kankan ka orí èkejì. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà náà ló ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó yí wọn ká ni a gbé lọ.

Gíránáìtì ló pọ̀ jù nínú àwọn òkúta àyíká Jos. Abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni ó ti dì, nígbà tí òkúta yíyọ́ tó gbóná gan-an rọra ń tutù. Èyí tó wà ní òkè Jos yìí ti tó nǹkan bíi 160 mílíọ̀nù ọdún, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè é ní àbúrò, nítorí pé gíránáìtì ẹ̀gbọ́n wà, irú èyí tó wà ní Ìdànrè, tí tirẹ̀ tó nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún. (Ẹ ò rí i pé òkúta pàápàá mọ àgbà yàtọ̀ sí èwe.) Nígbà tí ó ń tutù, ó súnkì, ó sì sán. Nígbà tí ilẹ̀ orí rẹ̀ ń ṣí kúrò, tí ẹrù fúyẹ́ lórí rẹ̀, ó tún sán sí i, òmíràn lóròó, òmíràn níbùú. Ó wá dà bí búrẹ́dì tí a ti fi ọ̀bẹ gé ṣùgbọ́n tí a kò tíì ya sọ́tọ̀.

Inú àwọn ojú sísán wọ̀nyí ni omi òjò gbà wọlé. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Omi òjò kì í ṣe omi lásán: ó ti gba afẹ́fẹ́ káábọ́ọ̀nù mọ́ra láti ojú sánmà àti láti inú ilẹ̀, ó sì ti kan díẹ̀. Omi kíkan yìí a máa jẹ ẹyọ feldspar tó wà nínú gíránáìtì, a sì sọ ọ́ di amọ̀. Ẹyọ kúọ́ọ̀tì kì í jẹ ní tirẹ̀. Yanrìn ló ń dà. Nínú òkúta tó le koko bẹ́ẹ̀, ibi tí omi bá ti kọjá pẹ́ títí yóò rọ̀ dé ibi tí a lè fi ọwọ́ rún un.

Ibi tó dùn mọ́ wa jù nínú ìtàn yìí ni bí òkúta onígun ṣe ń di róbótó. Ibi tí igun wà, omi ń ti ojú mẹ́ta bù ú jẹ. Ibi tí etí wà, ojú méjì ni. Ibi tó tẹ́jú, ojú kan ṣoṣo. Igun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ nígbà náà. Ẹ wo ọṣẹ tuntun tí ẹ gbé lọ sí balùwẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, kí ẹ tún wò ó ní ọjọ́ Ẹtì (ìyẹn bí ará yàrá yín kò bá tíì lò ó tán): onígun ló wọlé, róbótó ló jáde. Abẹ́ ilẹ̀ ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó. Nígbà tó yá, àgbàrá gbá amọ̀ àti yanrìn àárín wọn lọ, ojú ilẹ̀ lọ sílẹ̀, àwọn òkúta róbótó sì yọrí síta, ọ̀kan lórí èkejì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà nínú ilẹ̀. Ohun tí a ń wò ní Riyom, àjẹkù omi ni.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀ o. Òkúta Wase, tó dá dúró ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ ìpínlẹ̀ Plateau tó sì ga tó nǹkan bíi 300 mítà ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ, ọ̀fun òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ ni: iná kú, ohun tó dì sí ọ̀fun náà le ju ara òkè lọ, òjò sì jẹ òkè, ó ku ọ̀fun. Ti Zuma lójú ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná tún yàtọ̀. Ẹyọ kan gbàgìdì ni, ojú sísán inú rẹ̀ kò pọ̀, omi kò rí ọ̀nà wọlé dáadáa, eèpo ara rẹ̀ nìkan ló ń bó bí ti àlùbọ́sà. Ẹ fa náírà 100 tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní ọdún 1999 yọ kí ẹ yí i padà: Awólọ́wọ̀ wà níwájú, Zuma wà lẹ́yìn. Mélòó nínú wa ló ti wo ẹ̀yìn rẹ̀ rí?

Ṣùgbọ́n èyí tó kàn wá gan-an ni ti tánganran, tí àwọn Hausa ń pè ní kuza. Inú gíránáìtì àbúrò yìí kan náà ni ó wà. Omi tó jẹ òkúta náà ló tú ẹyọ tánganran sílẹ̀, àgbàrá kó o dà sí ojú odò, ó sì wúwo, kò lè bá yanrìn lọ jìnnà. Ibẹ̀ ni àwọn òyìnbó ti wá ń wà á ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Rélùwéè kékeré dé Jos ní 1914, ti ńlá dé ní 1927, ọjà tẹ̀lé iṣẹ́, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn Yorùbá mìíràn sì tẹ̀lé ọjà. Bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá àgbà wa ṣe dé ibí nìyẹn. Bí wọ́n ṣe bí àwa náà síhìn-ín nìyẹn, tí Yorùbá wa fi ń dún bí Hausa létí àwọn tó ti Ìbàdàn wá (ẹ jọ̀wọ́, ẹ dín ẹ̀rín kù). Bí omi kò bá jẹ òkúta òkè yìí, a kò ní sí nínú ọgbà yìí. Àwa wá ni a tún lọ da ọ̀dà sí i lára.

A ti gbọ́ àwíjàre mẹ́ta láti ìgbà tí a ti ń sọ ọ́ kiri.

Wọ́n ní àpáta ni, kí ni ọ̀dà fẹ́ fi í ṣe? Ẹ tún ojú òkúta náà wò. Nǹkan pẹlẹbẹ kan lẹ̀ mọ́ ọn lára, òmíràn aláwọ̀ eérú, òmíràn bí ewé gbígbẹ. Ohun alààyè ni. Òmíràn nínú wọn kì í fẹ̀ tó mìlímítà kan láàárín ọdún kan. Ibi tí ọmọ ẹgbẹ́ wa fi bàtà ha kí ó lè rí ibi kọ̀wé sí, ó lè jẹ́ pé ohun tó ti ń hù kí a tó bí àwọn òbí wa ló ha dànù láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má sì sọ pé a ó lọ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́. Eèpo òkúta ni yóò bá ọ̀dà lọ.

Ti iná tiẹ̀ burú ju ti ọ̀dà lọ, ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ̀yìn òkúta ni a fi dí afẹ́fẹ́ nígbà tí à ń sun ẹran. Gbogbo wa la ti rí àwọn tí ń fi òòlù fọ́ òkúta tà fún àwọn kọ́lékọ́lé. Kí wọ́n tó fi òòlù kàn án, wọn a máa jó táyà lórí rẹ̀, nítorí pé àwọn ẹyọ inú gíránáìtì kì í wú bákan náà nínú ooru. Kúọ́ọ̀tì ń wú ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, òkúta a sì sán, a bó. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi táyà ṣe fún owó ni àwa fi sùyà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. A gbọ́ tí nǹkan ń dún pá, pá lọ́jọ́ náà. A rò pé igi ni.

Wọ́n tún ní kò sí ohun tí kò ní wó, òjò tó gbẹ́ ẹ náà ni yóò wó o. Òótọ́ ni. Ní oṣù keje ọdún 2005, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀wọ̀n òkúta etí òkun tí wọ́n ń pè ní Twelve Apostles ní Australia wó fúnra rẹ̀. Ìgbì ló jẹ ẹ́ nídìí, kò sí ẹni tí a bá wí. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, ní Goblin Valley ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, àwọn ọkùnrin tí wọ́n kó ọmọ ẹgbẹ́ síkáòtù wá ṣe ìgbafẹ́ ti ọ̀wọ̀n òkúta kan ṣubú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ya fíìmù rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rù ló bà wọ́n kí ó má baà wó lu ọmọ ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ wọn yọ wọ́n, ọ̀rọ̀ dé kọ́ọ̀tù, àwọn méjì sì gbà ní 2014 pé àwọn jẹ̀bi. Bàbá àgbà wa náà yóò kú lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tì í láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò lè sọ fún adájọ́ pé ọjọ́ orí rẹ̀ kúkú ti tó.

Ẹ̀kẹta ni wọ́n ń sọ jù, òun náà ló sì dùn wá jù: àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ti kọ tiwọn, bí a kò bá kọ tiwa, wọn yóò ní Yorùbá kò sí. Ẹ jẹ́ kí a yí i padà. Ká ní ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ibòmíràn gba bọ́ọ̀sì méjì lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ wọn sára Olúmọ, àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí abẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1830, ǹjẹ́ a ó pàtẹ́wọ́? Àwa tí à ń kọ̀wé yìí ni a ó kọ́kọ́ pariwo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wa kò tíì dé Abẹ́òkúta rí. Ilẹ̀ Berom ni Riyom. A kò béèrè lọ́wọ́ baálẹ̀ tàbí ọmọdé ibẹ̀ kí a tó ṣí agolo.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ìgbìmọ̀ ìgbafẹ́ má ṣe fagi lé ìrìn-àjò ti ọdún tó ń bọ̀. A fẹ́ lọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ rán ènìyàn lọ kí àwọn ará ibẹ̀. Kí wọ́n bá wa wá ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ilẹ̀ tí yóò dáhùn ìbéèrè ọmọ ọdún kìíní. Kí a sì sun ẹran wa ní gbangba, kí ó jìnnà sí òkúta, bí èéfín bá tilẹ̀ wọ̀ wá lójú.

Ọ̀dà inú agolo náà kò tíì tán. Ó wà lábẹ́ ibùsùn akọ̀wé wa títí di òní. Pátákó ìkéde ẹgbẹ́ wa tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ kò ní orúkọ mọ́, òjò ọdún méjì ti fọ̀ ọ́ nù. A ti ra búrọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá mọ̀wé kọ gàdàgbà, kí ó wá bá wa níbẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ìpàdé.