Gbígbọ̀n Kọ́ Ni Agbára

Ìtàn mọ́tò olówó ńlá tí wọ́n ń sọ fún wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti fi oyin sí i jù. Wọ́n á ní ní 1907, Rolls-Royce gbé Silver Ghost jáde, ó ń lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí iwin, ó rin máìlì 15,000, gbogbo ayé sì yanu. Ọgbọ́n Royce ni, ó parí. A ò jiyàn pé Royce gbọ́n. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé wọ́n ti yọ àwọn tí mọ́tò gbọ̀n jìgìjìgì mọ́ nídìí kúrò nínú ìtàn náà.

Torí kí Ghost tó dé, mọ́tò onísílíńdà 6 ń gbọ̀n. Napier ló kọ́kọ́ rí irú ẹ́ńjìnnì yìí tà dáadáa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti nǹkan bí 1904, S. F. Edge ló sì ń bá wọn tà á. Bí mọ́tò náà bá dé eré kan báyìí, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á máa pariwo. Kí ni Edge wá ṣe? Ó sọ ọ́ lórúkọ: "ariwo agbára". Ẹ ò rí nǹkan! Àléébù joyè. Ẹni tó bá tún ráhùn, a jẹ́ pé òun ni kò mọ agbára nígbà tó rí i.

Irọ́ ni, kì í ṣe agbára rárá. Kiráńkì ni ọ̀pá tí àwọn písítọ́ọ̀nù ń yí, ti onísílíńdà 6 sì gùn ju ti 4 lọ. Gbogbo ìgbà tí epo bá gbiná nínú sílíńdà kan, ó máa ń lọ́ ọ̀pá yẹn díẹ̀, bí ẹni ń fún aṣọ tútù, ọ̀pá náà á sì tú padà. Irin ni lóòótọ́, àmọ́ irin náà ń lọ́. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ló sì ní bó ṣe ń yára lọ́, tó ń yára tú. Bí gbígbiná epo bá wá bọ́ sí àsìkò yẹn gẹ́lẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń ti ọmọ lórí jangirọ́fà ní gbogbo ìgbà tó bá padà wá, lílọ́ náà á máa pọ̀ sí i ni. Bẹ́ẹ̀ ni kiráńkì ṣe ń kán.

Ẹ wá wò ó: ẹni tó bá sọ pé "ní eré yìí nìkan ló ń gbọ̀n, tí mo bá kọjá ibẹ̀, ó dáwọ́ dúró," ó ti fi ìdí àìsàn náà hàn. Àlàyé tó dáa ju èyí lọ ò sí. Òun ni wọ́n ń kì ní oríkì agbára lé lórí!

Àìsàn kan náà bá mọ́tò 30 hp ti Royce jà ní 1905. Royce ò fún un lórúkọ oyè ní tiẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì Ghost, ó gbé kiráńkì jókòó sórí béárìn 7, ó jẹ́ kí ti àárín tóbi gan-an, bíi pé onísílíńdà 3 méjì ló so pọ̀.

Daimler tó ń ṣe mọ́tò fún ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ò yọ nínú ẹ̀. Frederick Lanchester, tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn láti 1909, fi wíìlì kékeré kan sí ẹnu kiráńkì, kò dè é pinpin, ó jẹ́ kó máa yọ̀ nínú ọ́ìlì. Bí kiráńkì bá fẹ́ gbọ̀n, wíìlì yẹn á lọ́ra, yíyọ̀ náà á sì jẹ gbígbọ̀n náà run. Ta ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀, òun àbí Royce? Ìyẹn ò kàn wá jàre.

Lanchester kú ní 1946, kò lówó lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ mọ́tò onísílíńdà 4 òde òní ló ní ọ̀pá méjì tó ń yí lódìkejì ara wọn láti pa gbígbọ̀n, òun ló ronú ẹ̀ kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀. A ò tíì rí ìpolówó kan tó dárúkọ ẹ̀.